Ibi Tí Wọ́n Ní Màmá Lọ

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá Uwais lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdájí ni. Ọyẹ́ ti dé, òtútù sì mú débi pé Uwais kò fẹ́ yọ orí lábẹ́ aṣọ ìbora. Hanifah, ìyàwó rẹ̀, ṣì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Uwais! Dìde o. Wọ́n ti pe ìrun. Omi àlùwàlá rẹ ti wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ọ̀lẹ."

Uwais dáhùn kí ojú rẹ̀ tó là tán. "Mo ti jí, Màmá."

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ bù máṣọ. Màmá wo? Ọjọ́ kọkànlélógún nìyẹn tí wọ́n ti sin Alhaja Mùlíkátù, ìyá rẹ̀, sí Ẹ̀pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gba òkú náà.

Ó wo Hanifah. Hanifah ti jí, ojú rẹ̀ ti là kalẹ̀.

"Bàbá Ikhlas, ẹ má ṣí i," ni obìnrin náà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i."

Uwais ṣí i. Ikhlas, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọmọ ọdún márùn-ún, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìborùn funfun ìyá àgbà bo orí, etí aṣọ náà ń wọ́ nílẹ̀. Kẹ́tù àlùwàlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi kún inú rẹ̀. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bàbá rẹ̀ bí àgbà ṣe ń wo ọmọ tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́.

"Ikhlas! Ta ló ní kó o wá máa pe orúkọ mi?"

"Màmá ló máa ń jí yín," ni ọmọ náà dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti padà di ti ọmọdé. "Wọn ò tíì dé ni."

Ó yí padà, ó sì wọ́ ìborùn náà lọ nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilé wọn kò jìnnà sí èbúté Ìpàkodò ní Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni Uwais ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láràárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń padà. Ẹ̀pẹ́ ni Alhaja Mùlíkátù ti wá bá wọn tọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n bí Ikhlas. Ó ní òun á lo oṣù mẹ́ta, ló bá di ọdún márùn-ún. Òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, á fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí èbúté, wọ́n á jọ dúró de ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ máa bá dé.

Lọ́jọ́ tí Alhaja kú, Ikhlas wà nílé ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ìyá náà ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí òkú lára ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ti sin ín. Ikhlas kò rí nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó rí kò ju pé ó ti ilé ìwé dé, ó sì bá ibùsùn Màmá lófìfo.

Nígbà tó béèrè, àgbà kọ̀ọ̀kan tó bi wá ọ̀rọ̀ kan fi dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí omijé ọmọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà kò béèrè mọ́, inú gbogbo wọn sì dùn.

"Ẹ ò rí i?" ni Ìyá Tìmílẹ́hìn, aládùúgbò wọn, wí. "Ọmọdé máa ń tètè gbàgbé."

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kan ilẹ̀kùn ni Hanifah ti bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí àwọn nǹkan mìíràn.

Ó rí àwo kékeré kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìta: dòdò mẹ́ta àti ìrù ẹja díndín. Nígbà tó fi máa padà débẹ̀, àwo náà ti mọ́ féfé. Ó ṣe bí ológbò ni. Lọ́jọ́ kejì, ó tún bá àwo mìíràn níbẹ̀.

Ikhlas kò sì jẹ́ bọ́ aṣọ ní gbangba yàrá mọ́. Tó bá ti ilé ìwé dé, á kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ni á ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù, tí á sì ti wọ aṣọ ilé. Kí ó tó jáde, á kọ́kọ́ yọ ojú wo òkè àjà.

Èyí tó já Hanifah láyà jù ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Oorun gbé e lọ lórí àga. Nígbà tó yá, ó mọ nǹkan tútù kan lára lábẹ́ imú, ó sì lajú. Ojú Ikhlas fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú rẹ̀. Ọmọ náà na ìka kan sábẹ́ ihò imú ìyá rẹ̀, kò sì mira.

"Ikhlas, kí lò ń ṣe?"

"Ẹ ti jí," ni ọmọ náà wí. Ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà, ó sì lọ.

Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Zulaykha, ẹ̀gbọ́n Uwais, dé láti Ẹ̀pẹ́. Ó gbé ẹja yíyan wá, ó sì gbé ìbànújẹ́ wá pẹ̀lú, nítorí òun ni àkọ́bí Alhaja. Wọ́n jókòó ní pálọ̀. Iná ìjọba ti lọ, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọyẹ́ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ń yí fáànù òkè àjà díẹ̀díẹ̀.

Ikhlas dúró láàárín wọn, ó gbójú sókè wo fáànù náà, ó kúnlẹ̀.

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."



"Ta lò ń bẹ̀?" ni Àǹtí Zulaykha béèrè.

"Màmá."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Ọmọ náà nàka sókè.

Àǹtí Zulaykha dìde, ó fa Uwais àti Hanifah lọ sí kíṣìnnì, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn pákó fẹ́lẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ronú kan ọmọ tó wà ní pálọ̀.

"Ọmọ yìí ò dá wà," ló wí. "Ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n ń bọ̀ wá mú un lọ ni."

"Áúsù bíláhì!" ni Hanifah ké.

"Mo mọ bàbá kan lápá ọ̀dọ̀ wa tó máa ń gba irú wọn sílẹ̀. Ọjọ́ méje ni ọmọ á fi wà nínú yàrá òkùnkùn. Kò ní jẹun títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́ lórí, wọ́n á fi ata sí i lójú kí ohun tó ń rí lè kúrò níbẹ̀."

"Ọmọ ọdún márùn-ún, Àǹtí mi?"

"Ṣé ìwọ fẹ́ gbé e sin ni? Bí Màmá bá dé láti mú un, ta ló máa dá wọn dúró?"

Hanifah wo ọkọ rẹ̀. Uwais kàwé, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ohùn tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ìdájí kò tíì kúrò létí rẹ̀. Ó dorí kodò.

"Ọjọ́ Sátidé," ló wí. "A ó mú un lọ ní Sátidé."

Kùrukùru bo gbogbo Ìpàkodò láàárọ̀ Sátidé náà. Èèyàn kò lè rí ilé tó kọjú sí tirẹ̀. Mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti dúró sí ìta. Hanifah wọ yàrá lọ láti wọ bàtà fún ọmọ, kò bá ọmọ níbẹ̀. Kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn ìta ṣí sílẹ̀ gbayawu. Báàgì ilé ìwé rẹ̀ kò sí níbi tó máa ń wà, ìborùn funfun náà kò sì sí.

Wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀ títí, kùrukùru náà gbé ohùn wọn mì.

Hanifah tẹ Ìbídùnní láago. Ìbídùnní ni olùdámọ̀ràn àwọn ọmọ nílé ìwé Ikhlas. Iṣẹ́ bí ọmọdé ṣe ń dàgbà àti bí wọ́n ṣe ń ronú ló kọ́, òpópónà kejì ló sì ń gbé.

"Àǹtí Ìbídùnní, ṣé Ikhlas wà lọ́dọ̀ yín?"

"Rárá o. Màmá Ikhlas, ẹ fara balẹ̀. Kí ni ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu yín láìpẹ́ yìí? Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ rò pé kò gbọ́ ńkọ́?"

Hanifah ronú kan kíṣìnnì. "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní... ní ìyá àgbà ń bọ̀ wá mú un."

"Ìyá àgbà tó kú? Ibo lẹ sọ fún un pé wọ́n lọ?"

"Bàbá rẹ̀ ní wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Ìbídùnní kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ sáré lọ sí èbúté. Ẹ má dúró wọ bàtà."

Uwais ló kọ́kọ́ débẹ̀. Omi àti ojú ọ̀run ti di ọ̀kan, funfun báláú. Ìyá ẹlẹ́ja kan dúró lókè àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀sà, agbọ̀n rẹ̀ ti dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń nàka sínú omi.

Nísàlẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn ti wọnú omi, nǹkan kékeré kan dúró, ó fi aṣọ funfun borí. Omi ti dé orúnkún rẹ̀. Báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, mo ti dé o," ni ohùn kékeré náà ń wí. "Mo ti kó ẹrù mi. Ẹ wá mú mi."

Nínú kùrukùru, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan dún. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ náà, ìró rẹ̀ nìkan ló ń súnmọ́ etí omi. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ìgbì tí ọkọ̀ náà rán ṣáájú dé, ó bò ó dé àyà.

Uwais kò mọ bí òun ṣe sọ̀kalẹ̀. Inú omi ló ti mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ba báàgì ọmọ. Ó fà á sókè, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ṣubú sórí àtẹ̀gùn.

Ìyá ẹlẹ́ja náà bú sẹ́kún. "Mo ti rí i láti ìgbà tó ti dé. Mo pè é, kò dá mi lóhùn. Mo ṣe bí kì í ṣe èèyàn, ọ̀gá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè súnmọ́ ọn."

Nígbà tí wọ́n dé ilé, tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ, Àǹtí Zulaykha ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò.

"Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ gbé e wá, ká máa lọ, kí Màmá tó padà wá!"

Ìbídùnní ló dé lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí Zulaykha.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀. Gbogbo yín lẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa Ikhlas. Ta ló ti bi Ikhlas fúnra rẹ̀ léèrè?"

Wọ́n tẹ̀ lé e wọ pálọ̀, Hanifah sì ròyìn gbogbo ohun tí ọmọ náà ti ń ṣe fún un.

Ìbídùnní jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó gbé ìwé àti kíréyọ̀nù síwájú ọmọ. Kò bi í ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ ń ya àwòrán ilé kan. Nígbà tó yá, Ikhlas náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Ó ya ọkọ̀ ojú omi, ó sì ya obìnrin kan tó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Màmá. Wọ́n ń sùn."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Dádì ní wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àǹtí Ẹ̀pẹ́ ní wọ́n sùn ni. Ìyá Tìmílẹ́hìn ní wọ́n wà lókè, wọ́n ń wo gbogbo nǹkan tí mò ń ṣe."

"Ṣé ìdí nìyẹn tó o fi ń bọ́ aṣọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ojú ń tì mí."

"Oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá dé, ebi á ti máa pa wọ́n."

"Ìka tó o fi sábẹ́ imú Mọ́mì?"

Ikhlas wo ìyá rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n sùn bíi ti Màmá."

Hanifah fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lo fẹ́ sọ fún Màmá létí omi?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ fi kíréyọ̀nù họ ìwé títí ìwé fi ya. "Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n lè jẹun. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n sì lọ."

Uwais yí ojú sí ògiri. 

"Ẹ̀yin òbí rẹ̀," ni Ìbídùnní wí, "kò sí ẹ̀mí kankan lára ọmọ yìí. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún un ló gbà gbọ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í mọ̀ pé àgbà ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní òkú sùn, oorun gan-an ló gbọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò lè mọ̀ pé ẹni tó kú kì í padà, títí wọ́n á fi tó bí ọmọ ọdún méje. Láràárọ̀ ló ń rí bàbá rẹ̀ tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ, tó sì ń padà. Kí ló dé tí Màmá ò ní padà?"

"Ohùn ìyá mi tó fi jí mi ńkọ́?" ni Uwais béèrè.

"Ọdún márùn-ún ló fi gbọ́ ọ láràárọ̀. Wíwò àti fífarawé lọmọdé fi ń kọ́ nǹkan. Àárò wọn ń sọ ọ́, ó sì rí i pé iṣẹ́ wọn ò lẹ́ni tó ń ṣe é. Èyí tó wúwo jù ni pé ọmọ irú ọjọ́ orí yìí máa ń rò pé ọ̀rọ̀ tàbí ìbínú òun ló fa aburú tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá ru ẹrù ikú yìí."

Àǹtí Zulaykha kò tíì gbà. "Ṣé ká wá la ojú ká sọ ọ̀rọ̀ ikú fún ọmọdé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un pé wọ́n sùn. Ṣé ó ti sùn dáadáa látìgbà náà? Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà pé gbogbo èèyàn á lọ fi òun sílẹ̀ lẹ fẹ́ tì mọ́ òkùnkùn fọ́jọ́ méje. Ebi á pa á, gbẹ́rẹ́ lè kó àrùn ràn án, ata lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bó bá sì padà, kò ní fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́."

Uwais jókòó sílẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìbídùnní ti sọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tètè jáde.

"Ikhlas, Màmá ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe wọ́n. Ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò lè mí, wọn ò lè jẹun, ibì kankan ò dùn wọ́n mọ́. A ti sin wọ́n sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, wọn ò sì ní padà wá sílé."

"Títí láé?"

"Títí láé."

"Ṣé èmi ni mo lé wọn?"

"Rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ kì í pa èèyàn. Màmá mọ̀ pé o fẹ́ràn àwọn."

Ọmọ náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ó sì figbe ta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sunkún láti ọjọ́ tí ìyá àgbà ti kú. Hanifah sáré fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ẹ jẹ́ kó sun ún," ni Ìbídùnní wí. "Ẹkún rẹ̀ ni."

Wọ́n ní kí dírẹ́bà mọ́tò náà máa lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú Ikhlas lọ sí ibojì ní Ẹ̀pẹ́, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Zulaykha.

"Àǹtí Ẹ̀pẹ́, ṣé abẹ́ ibí ni Màmá ń sùn sí?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti ọmọ dọ́gba. "Rárá, ọmọ mi. Wọ́n ti kú. Irọ́ ni mo pa fún ẹ, nítorí èmi náà ò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́." Ibẹ̀ lòun náà ti sunkún ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún ń fi ìborùn nu ojú rẹ̀.

Kò tán lọ́jọ́ kan. Ikhlas tún béèrè ìbéèrè kan náà bí ìgbà mẹ́wàá, ó tọ̀ sílé lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ń sùn lóru láìdi ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Wọ́n ń dá a lóhùn bákan náà ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ààwẹ̀ fi máa wọlé, ó ti ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin aládùúgbò, bí ikú bá wọ ilé, ẹ má ṣe rò pé ọmọdé kò mọ nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ṣe kedere sọ fún un pé ẹni náà ti kú. Ẹ má pè é ní oorun, ẹ má pè é ní ìrìn àjò. Ohun kan náà ni kí gbogbo àgbà ilé sọ. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló fà á, kí ẹ sì sọ ẹni tí á máa tọ́jú rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sunkún. Bó bá tún béèrè, ẹ tún un sọ.

Bí ìṣe ọmọ bá ṣàjèjì lójú yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sá fún un. Bó bá kọ oúnjẹ, tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé òkú, ẹ má fi falẹ̀: ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹ má mú ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń dè é, tí wọ́n ń fi ebi pa á, tàbí tí wọ́n ń sín in ní gbẹ́rẹ́.

Bí ọmọ kan bá sì wà nílé yín báyìí tó ti béèrè ẹni tó kú, tí kò béèrè mọ́, kò tíì gbàgbé. Ẹ pè é lónìí, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ òótọ́ fún un.